Bí a ṣe ń ṣe tábìlì wẹ́díǹgì tí kò ní mì, tí ojú ẹ̀ ò sì ní lọ́

Géètì tó ń họ ilẹ̀ lápá kan tó sì léfòó lápá kejì, àga irin tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kì í balẹ̀, férémù wíńdò tí gíláàsì ò wọ̀, ẹ bá mi wádìí ibi tí wọ́n ti jó wọn, ìyẹn ibi tí wọ́n ti fi iná wẹ́díǹgì so irin wọn pọ̀, ẹ máa rí i pé orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, tàbí orí tábìlì tí òun fúnra ẹ̀ ti lọ́. Àwọn wẹ́dà tí ọwọ́ wọn mọ́ pọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù dé Ìpẹru, àmọ́ iṣẹ́ ò lè tọ́ ju ibi tí wọ́n gbé e lé lọ. Àwọn tó ní ṣẹ́ẹ̀dì kékeré lẹ́yìnkùlé tí wọ́n fẹ́ ṣe tábìlì fúnra wọn, ibì kan náà ni wọ́n ti máa ń kùnà: wọ́n á ra irin tó nípọn lóòótọ́, wọ́n á wá jó o yípo láìdúró, ooru iná á fa pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ ojú tábìlì, àárín ẹ̀ á yọ ikùn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa mì, wọ́n á wá ki páálí bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kan kó lè dúró. Látọjọ́ yẹn, gbogbo nǹkan tí wọ́n bá ṣe lórí ẹ̀ ló máa lọ́.

Èyí tá a fẹ́ ṣe yìí, 1200 mm ni gígùn ẹ̀, 800 mm ni fífẹ̀ ẹ̀, gíga ẹ̀ á tó 900 mm, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gígùn àti mẹ́ta ní gíga. Ẹni tó ń dúró ṣiṣẹ́ ló bá lára mu. Tẹ́ ẹ bá ga gan-an tàbí tẹ́ ẹ kúrú, ẹ dúró ṣánṣán kẹ́ ẹ wọn láti ilẹ̀ dé ibi ìgbànú yín, ibẹ̀ ni kí ojú tábìlì dé.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

Pléètì ẹyọ kan tó nípọn 10 mm. Tówó ò bá tó, 8 mm ṣì ṣe é lò. 6 mm, àfi tẹ́ ẹ bá máa fi irin ìdábùú kún tabẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹ ò ní máa fi háńmà ńlá lu nǹkan lórí ẹ̀. 3 mm tí àwọn kan ń lò yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìlẹ̀kùn. Odindi pléètì máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ sí mẹ́rin, ìyẹn 2440 mm sí 1220 mm, tẹ́ ẹ bá sì gé e sí mẹ́ta ní ìbú, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó 810 mm. Torí ẹ̀ ni mo ṣe yan ìwọ̀n yìí: ẹni mẹ́ta lè dáwó jọ ra odindi kan, kálukú á gbé tiẹ̀ lọ, irin ò sì ní ṣòfò. Ẹyọ kan á wọn tó kílò 75, torí náà ẹ ti wá ọkọ̀ tó máa gbé e kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Páìpù onígun mẹ́rin, íǹṣì méjì sí méjì, tí ara ẹ̀ nípọn 3 mm, ọ̀pá méjì. Ẹ mú tépù dání lọ ra á, torí ọ̀pá míì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún, òmíì jẹ́ ogún, owó ò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ wo ẹnu páìpù yẹn dáadáa kẹ́ ẹ sì wọn bó ṣe nípọn sí, èyí tí wọ́n pè ní 3 mm lẹ́nu lè máà tó 2 mm lójú tépù. Bí mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ gé e nìyí, ó sì máa tó bó ṣe wù kí ọ̀pá yẹn kúrú mọ nínú méjèèjì:

Ọ̀pá kìíní: 1100 mm ọ̀nà méjì, 600 mm ọ̀nà márùn-ún. Gbogbo ẹ̀ 5200 mm.
Ọ̀pá kejì: 810 mm ọ̀nà mẹ́rin, 1000 mm ọ̀nà kan, 600 mm ọ̀nà kan. Gbogbo ẹ̀ 4840 mm.

Àwọn 810 ni ẹsẹ̀. Àwọn 1100 àti méjì nínú 600 ni férémù òkè, méjì míì ni ìdábùú tó máa gbé àárín pléètì, méjì tó kù pẹ̀lú 1000 yẹn ni ìdè ìsàlẹ̀.

Fún abẹ́ ẹsẹ̀: irin pẹlẹbẹ mẹ́rin, 50 mm sí 50 mm, tó nípọn 6 mm, bóòtù M16 (tó nípọn 16 mm) mẹ́rin tó gùn tó 60 mm, tí okùn ẹ̀, ìyẹn ìlà tí nọ́ọ̀tì ń gbà yí, dé orí, àti nọ́ọ̀tì mẹ́jọ. Ẹ má yọ èyí kúrò nínú owó tẹ́ ẹ fẹ́ ná. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa kì í tẹ́jú, sìmẹ́ǹtì pàápàá kì í tẹ́jú, bóòtù yìí ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ lè gbé ẹsẹ̀ kan sókè tàbí kẹ́ ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Irinṣẹ́: ẹ̀rọ wẹ́díǹgì, gíráńdà tó ní ìbòrí, dísìkì ìgérin àti ti fáìlì, kíláàǹpù mẹ́rin ó kéré tán, sìkúwéà irin, tépù, lẹ́fẹ́ẹ̀lì, díríìlì, bọ́rọ́ṣì irin, háńmà tẹ́ ẹ máa fi gbá ìdàrọ́ (èèpá tó máa ń bo ojú ibi tẹ́ ẹ jó) kúrò, òwú tó lágbára, ṣọ́ọ̀kì. Ẹlẹ́kítíróòdù, ìyẹn ọ̀pá tó ń yọ́ síbi tẹ́ ẹ bá ń jó: géèjì 12 fún páìpù, géèjì 10, tó nípọn jù ú lọ, fún ibi tí páìpù bá ti kan pléètì.

Iná ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo jẹnẹrétọ̀, géèjì 12 fẹ́ tó 5 kVA kó tó lè jó geere, géèjì 10 á fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré inú ilé yẹn, ẹlẹ́kítíróòdù á kàn máa lẹ̀ mọ́ irin ni, ẹ máa rò pé ọwọ́ yín ni ò dáa. Iná Nẹ́pà tí ò ga náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fa wáyà jìnnà, kí wáyà yẹn nípọn, kẹ́ ẹ sì tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, torí wáyà tó ká jọ máa ń gbóná débi tó lè yọ́.

Ojú yín. Mo fẹ́ tẹnu mọ́ èyí torí ohun tí mò ń rí láwọn ṣọ́ọ̀bù kan. Gíláàsì dúdú tí wọ́n fi ń rìn nínú oòrùn kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń jó irin, kò lè dá ìtànṣán iná wẹ́díǹgì dúró. Ẹ lo ìbòjú tí nọ́ńbà gíláàsì ẹ̀ jẹ́ 10 tàbí 11, èyí tó máa bo gbogbo ojú àti ọrùn. Ojú tí iná yìí bá mú kì í dun èèyàn lójú ẹsẹ̀, ó di òru kó tó máa ta bíi pé wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Tó bá ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, ẹ má kán ohunkóhun tí aládùúgbò bá ní kẹ́ ẹ kán sí i. Ẹ lé àwọn ọmọdé kúrò lágbàlá, tàbí kẹ́ ẹ fi páànù ṣe ìdábùú, torí ẹ̀yìnkùlé nibi tí wọ́n ti ń ṣeré, iná yìí sì máa ń wù wọ́n wò.

Ìpele 1: Ẹ yẹ pléètì wò kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ mú páìpù kan tó tọ́ dání lọ. Ẹ gbé e lé ojú pléètì ní gígùn, ní ìbú, àti láti igun dé igun, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá. Èyí tó bá fi ju 1 mm tàbí 2 mm sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n gbé òmíì wá. Ẹni tó ń tà á lè sọ pé ẹ máa tẹ̀ ẹ́ tọ́ tẹ́ ẹ bá jó o mọ́ férémù. Ẹ má gbà. Páìpù 3 mm ò lágbára tó máa tẹ pléètì 10 mm tọ́, pléètì ló máa tẹ férémù.

Pléètì àlókù tí wọ́n gé lára tírélà náà wà tó dáa, ó sì lè dín owó kù gan-an. Àmọ́ tó bá jẹ́ ara táǹkì epo ni wọ́n ti fẹ́ gé e fún yín, ẹ yẹra. Táǹkì tí epo bẹntiróòlù ti wà nínú ẹ̀ rí lè bú gbàmù bí iná bá kàn án, ì báà ti gbẹ tipẹ́. Tó bá sì jẹ́ gáàsì ni wọ́n fi gé etí pléètì, ẹ fi gíráńdà yọ gbogbo ìdàrọ́ etí ẹ̀ títí tó fi máa dán, ibẹ̀ ló máa ń ya èèyàn lọ́wọ́.

Ẹ yan ojú tó mọ́ jù nínú méjèèjì, kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ “òkè” sí i. Ojú yẹn ò gbọ́dọ̀ rí iná wẹ́díǹgì kankan títí a ó fi parí.

Ìpele 2: Gígé páìpù

Ẹ fi sìkúwéà fa ìlà yí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin páìpù po. Tí ìlà tẹ́ ẹ fà bá padà pàdé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ gé e. Tí ò bá pàdé, nǹkan kan ti yẹ̀, ẹ tún un fà. Dísìkì máa ń jẹ tó 2 mm sí 3 mm níbi tó bá gé, torí náà ẹ má fàmì sí gbogbo ọ̀pá tán lẹ́ẹ̀kan náà kẹ́ ẹ tó máa gé e. Ẹ wọn kan, ẹ gé e, kẹ́ ẹ tó wọn èyí tó tẹ̀ lé e.

Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣèṣe jù nìyí. Wọ́n á yọ ìbòrí gíráńdà kí dísìkì ńlá lè wọ inú ẹ̀. Dísìkì kékeré íǹṣì mẹ́rin ààbọ̀, wọ́n ṣe é kó lè yí tó ìgbà 13,300 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó jẹ́ íǹṣì mẹ́sàn-án ò lè ju bí ìgbà 6,600 lọ. Tẹ́ ẹ bá wá gbé ńlá yẹn sórí ẹ̀rọ kékeré tó ń sáré bí ìgbà 11,000, ó máa fọ́ ni, ojú tàbí ikùn ẹni tó dì í mú ló sì máa bá. Dísìkì tún ní ọjọ́ tí agbára ẹ̀ máa tán, wọ́n kọ ọ́ sára irin róbótó àárín ẹ̀. Ẹ wò ó níbi tẹ́ ẹ ti ń rà á.

Tí páìpù tí wọ́n tà fún yín bá funfun tó ń dán, tó jẹ́ gáfánáìsì, ìyẹn èyí tí wọ́n fi sínkì bò, ẹ fi fáìlì họ sínkì yẹn kúrò dáadáa níbi tẹ́ ẹ máa jó, bí íǹṣì méjì lápá kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ jó o níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Èéfín sínkì máa ń mú ibà àti òtútù wá ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà gbà pé táwọn bá ti mu mílíìkì, ó ti parí. Inú ikùn ni mílíìkì ń lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró ni èéfín ń lọ. Páìpù dúdú ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kó ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, ẹ tì wọ́n mọ́ ògiri, kẹ́ ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹnu wọn. Ìka yín á mọ̀ bí ọ̀kan bá fi bí 0.5 mm yọ. Ẹ fi fáìlì gbé e wálẹ̀ kí gbogbo wọn dọ́gba. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn 600 mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà, wọ́n ṣe pàtàkì ju ẹsẹ̀ pàápàá lọ, torí ẹsẹ̀ ní bóòtù tó máa tún un ṣe, férémù ò ní.

Ìpele 3: Abẹ́ ẹsẹ̀

Ẹ lu ihò 18 mm sáàárín irin pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé nọ́ọ̀tì kan lé e, ẹ ki bóòtù bọ̀ ọ́ kí nọ́ọ̀tì lè dúró gedegbe, ẹ fi tákì mẹ́ta (ojú jíjó kékeré tó kàn máa dì í mú ná) mú un, kẹ́ ẹ yọ bóòtù kẹ́ ẹ tó jó o tán. Tẹ́ ẹ bá fi bóòtù sílẹ̀ níbẹ̀, irin tó ń ta á jó mọ́ okùn ẹ̀, kò ní yí mọ́ láé. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì tó ń dán náà ní sínkì lára, ẹ họ ọ́ kúrò.

Nọ́ọ̀tì yìí á kọjú sínú páìpù, ó gba ibẹ̀ dáadáa. Ẹ wá jó irin pẹlẹbẹ yẹn mọ́ ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi nọ́ọ̀tì kejì sára bóòtù kẹ́ ẹ tó yí i wọlé, òun lẹ máa fún mọ́ abẹ́ irin pẹlẹbẹ nígbà tẹ́ ẹ bá ti ṣètò tábìlì tán.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bóòtù gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ lásán yí wọlé yí jáde. Èyí tó bá le, ìsinsìnyí ni kẹ́ ẹ tún un ṣe, torí tó bá di pé tábìlì ti dúró tán ó ti pẹ́ jù.

Ìpele 4: Férémù, lórí pléètì fúnra ẹ̀

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń to férémù sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á jó o, wọ́n á wá gbé pléètì lé e, wọ́n á rí i pé àlàfo wà níbì kan. Ohun tó tẹ́jú jù lọ lágbàlá yín lọ́jọ́ yẹn ni pléètì tẹ́ ẹ rà yẹn. Orí ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti kọ́ férémù.

Ẹ to búlọ́ọ̀kù mẹ́fà sílẹ̀, ẹ dojú pléètì dé lé wọn lórí, kí ojú tẹ́ ẹ kọ “òkè” sí wà nísàlẹ̀. Ẹ fi àjákù páànù há abẹ́ ibi tó bá kéré títí lẹ́fẹ́ẹ̀lì á fi balẹ̀ ní gígùn àti ní ìbú. Ẹ má fi igi há a, á máa jó lábẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Kí omi kún korobá kan nítòsí, kí epo jẹnẹrétọ̀ sì jìnnà pátápátá.

Ẹ wá fàmì sórí pléètì, 50 mm láti etí yípo. Inú àmì yẹn ni férémù máa wà. 50 mm tó kù níta yẹn ni ẹnu kíláàǹpù á máa rí gbé mú nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹni tó bá fi férémù bá etí pléètì dọ́gba ò ní rí ibi tó máa fi kíláàǹpù sí. Ẹ to àwọn 1100 méjèèjì, ẹ ki 600 méjì sáàárín wọn ní ìkangun, ẹ fi kíláàǹpù di gbogbo ẹ̀ mọ́ pléètì.

Kẹ́ ẹ tó fi iná kàn án, ẹ dán ẹ̀rọ yín wò lára àjákù páìpù. Géèjì 12 lórí páìpù 3 mm, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bí áàmpù 80. Ẹ jó àjákù méjì pọ̀, kí ó tutù, kẹ́ ẹ fi háńmà lù ú títí á fi tẹ̀. Tí ojú ibi tẹ́ ẹ jó bá ṣí kúrò lódindi láìfa páìpù ya, iná ò wọlé, ẹ fi áàmpù kún un. Tó bá ń lu páìpù, ẹ dín in kù. Ẹlẹ́kítíróòdù tó ti fa omi nínú òjò máa ń ta gan-an, ojú iṣẹ́ á sì ní ihò wẹ́wẹ́, torí náà inú ike tó ní ìdérí tó fún ni kẹ́ ẹ máa kó o sí, pàápàá láti oṣù kẹrin tí òjò bá ti ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Tákì kékeré kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Ẹ dúró. Ẹ wọn láti igun dé igun kejì tó kọjú sí i, ẹ wọn ìkejì náà. Méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 1304 mm. Tí ọ̀kan bá gùn ju èkejì, ẹ rọra fi háńmà lu igun tó gùn yẹn wọlé títí wọ́n á fi dọ́gba. Tákì ṣì máa gbà kẹ́ ẹ lù ú, ibi tí iná bá ti jó tán ò ní gbà. Ìgbà tó bá dọ́gba ni kẹ́ ẹ tó fi tákì kejì sí igun kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá gbé ìdábùú méjèèjì sáàárín, kí wọ́n pín 1100 sí mẹ́ta.

Jíjó ẹ̀ wá kù. Ẹ jó igun kan, ẹ fò lọ sí igun tó kọjú sí i, ẹ padà sí ìkẹta, ẹ wá parí pẹ̀lú ìkẹrin. Irin tó gbóná máa ń gbòòrò, tó bá ń tutù á súnkì, ibi tó bá ti súnkì jù ló máa fa gbogbo ẹ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá ń fò kiri bẹ́ẹ̀, ìfà yẹn á máa dá ara ẹ̀ dúró. Ẹ fi kíláàǹpù sílẹ̀ títí irin á fi tutù débi tẹ́ ẹ lè fọwọ́ mú un. Lẹ́yìn náà ẹ tú u, ẹ yí férémù padà, ẹ jó ojú tó ti dojú kọ pléètì tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi fáìlì gbé ojú ibi tẹ́ ẹ jó yẹn wálẹ̀ kó bá páìpù dọ́gba pátápátá. Ẹ má gbójú fo fáìlì yìí o, kókó kan ṣoṣo tó yọ síbẹ̀ tó máa gbé pléètì sókè.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ dá férémù padà sórí pléètì láìfi kíláàǹpù dè é. Ẹ fi ìka kan tẹ igun kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́dọ̀ mì. Ẹ mú bébà kan, kẹ́ ẹ gbìyànjú láti tì í bọ abẹ́ férémù yípo. Ibi tí bébà bá wọ̀, ẹ fàmì síbẹ̀, a máa padà wá síbẹ̀ ní ìpele 6.

Ìpele 5: Ẹsẹ̀ àti ìdè

Orí kodò la ṣì wà. Ẹ fi kíláàǹpù dá férémù padà sí àyè ẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kan lé igun kan, tákì ẹyọ kan péré. Pẹ̀lú tákì ẹyọ kan, ẹsẹ̀ ṣì lè yí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ohun tá a fẹ́ nìyẹn. Ẹ fi sìkúwéà kàn án láti iwájú, ẹ fi kàn án láti ẹ̀gbẹ́, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ títí méjèèjì á fi tọ́, ẹ wá fi tákì kejì sí òdìkejì àkọ́kọ́. Ohun kan náà fún mẹ́ta tó kù.

Sìkúwéà nìkan ò tó. Igun kékeré ló ń wò, nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa dé òkè ẹsẹ̀ 810 mm, ó ti lè yẹ̀ tó íǹṣì kan. Torí náà ẹ wọn orí àwọn ẹsẹ̀: 1100 mm láti ìta dé ìta ní gígùn, 700 mm ní ìbú, 1304 mm láti igun dé igun, bó ṣe rí ní ìsàlẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ wá fi 600 kan so ẹsẹ̀ méjì apá ọ̀tún pọ̀, 600 kan so ti apá òsì, kí wọ́n wà ní 200 mm sí ibi tí ẹsẹ̀ máa fi kan ilẹ̀, kẹ́ ẹ fi 1000 so àárín àwọn 600 méjèèjì. Mi ò fẹ́ ìdè ní iwájú àti ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á máa kọlù ú, ẹ ò sì ní lè sún mọ́ tábìlì dáadáa. Ẹ jó gbogbo ẹ̀, ẹ máa fò kiri bíi ti férémù.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́yìn tó bá tutù, ẹ tún 1304 yẹn wọ̀n lórí ẹsẹ̀. Tó bá fi 2 mm yàtọ̀, kò burú. Tó bá ju 5 mm lọ, ẹ gé ìdè kan, ẹ tọ́ ọ, ẹ tún un jó.

Ìpele 6: Síso pléètì mọ́ férémù

Ibi tí tábìlì ti ń bàjẹ́ rèé. Ẹ má jó pléètì yípo. Kò nílò ẹ̀, kílò 75 ti tó láti dúró sáyè ara ẹ̀, ohun tá a kàn fẹ́ ni kó má yọ̀ kúrò. Ojú mẹ́jọ péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju 25 mm lọ: igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àárín gígùn méjèèjì, àti ẹyọ kọ̀ọ̀kan lára ìdábùú méjèèjì.

Ibi tí bébà ti wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wá àjákù páànù tó nípọn bí àlàfo yẹn, ẹ ki i bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó jó o. Ẹni tó bá fi kíláàǹpù fún pléètì mọ́ àlàfo tó sì jó o, ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ ojú tábìlì ẹ̀ nìyẹn.

Géèjì 10, bí áàmpù 120. Ẹ kọjú iná sí pléètì ju páìpù lọ, pléètì ló nípọn, òun ló ń mu ooru, páìpù á lu tẹ́ ẹ bá dojú kọ ọ́. Ẹ jó ojú kan, kẹ́ ẹ lọ mu omi. Tí ọwọ́ bá lè gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ẹ bọ́ sí igun tó jìnnà sí i jù lọ. Mo mọ̀ pé sùúrù yìí ṣòro, pàápàá tí oníbàárà kan bá ti ń pè pé òun fẹ́ géètì òun kí Ojúde Ọba tó dé, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ìkánjú jó ojú mẹ́jọ yìí léra, gbogbo wíwọ̀n tẹ́ ẹ ti ń wọ̀n bọ̀ ti lọ.

Tó bá tutù pátápátá, ẹ pe èèyàn mẹ́rin, kẹ́ ẹ yí i padà, igun kan fún ẹnì kan. Ó ti tó bí kílò 120 báyìí, ẹ má dán an wò lẹ́yin méjì.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú òwú, èyí ni mo fọkàn tán jù nínú gbogbo àyẹ̀wò. Ẹ wá bóòtù mẹ́rin tó dọ́gba gẹ́lẹ́, ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dùbúlẹ̀ sí igun tábìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ na òwú kan gba orí bóòtù méjì láti igun dé igun, kó le dáadáa, ẹ na òwú kejì gba orí méjì tó kù. Wọ́n máa pàdé láàárín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n ti pàdé yẹn láti ẹ̀gbẹ́. Tí òwú òkè bá kàn fara kan tìsàlẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, tábìlì ò lọ́. Tí àlàfo bá wà, tàbí tí òkè bá ń tẹ ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, igun méjì ga ju méjì lọ. Ẹ pààrọ̀ wọn, kí tìsàlẹ̀ bọ́ sókè, kẹ́ ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè dá yín lójú. Bóòtù abẹ́ ẹsẹ̀ máa ń tún èyí tí ò pọ̀ ṣe: ẹ yí ẹsẹ̀ igun tó kéré sókè díẹ̀díẹ̀, kẹ́nì kan máa wo òwú bẹ́ ẹ ṣe ń yí i.

Ìpele 7: Ẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ àti epo

Ẹ jó àjákù irin pẹlẹbẹ kan mọ́ abẹ́ férémù lápá kan, kó yọ síta tó íǹṣì mẹ́ta, ibẹ̀ ni ẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ wẹ́díǹgì, ìyẹn kíláàǹpù ẹnu wáyà tó ń dá iná padà sínú ẹ̀rọ, á máa gbé mú. Ẹ má kun ọ̀dà sí i. Ẹ́ẹ̀tì tó bá mú ọ̀dà tàbí ìpẹtà, iná á máa já, ẹlẹ́kítíróòdù á máa lẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń di ẹ̀bi ẹ̀ ru ẹ̀rọ. Ẹ rántí pé iná wẹ́díǹgì ń gba inú tábìlì yìí kọjá nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́: fóònù, gíráńdà tí wáyà ẹ̀ ti bó, ọwọ́ tó tutù, bàtà tó rin, gbogbo ẹ̀ kó jìnnà sí i.

Ọ̀dà wà fún férémù àti ẹsẹ̀ nìkan. Ojú òkè, epo ẹ́ńjìnì díẹ̀ lórí àkísà lẹ máa fi nù ún nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, kẹ́ ẹ sì nu ún gbẹ kẹ́ ẹ tó jó nǹkan míì lórí ẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ kan, irin tó wà ní gbangba máa ń dógùn-ún kíákíá lọ́dọ̀ wa. Irin tó bá ta mọ́ ojú ẹ̀, ẹ fi ṣísù gbá a kúrò, ẹ má máa fi gíráńdà jẹ ẹ́ nígbà gbogbo, díẹ̀díẹ̀ ni kòtò fi máa ń wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ iyanrìn ni ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì yín, kí búlọ́ọ̀kù pẹlẹbẹ tàbí ègé kọnkéré wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orí bóòtù á máa wọlẹ̀. Ẹ gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì lé e, ẹ yí bóòtù títí á fi balẹ̀, ẹ wá fún nọ́ọ̀tì kejì mọ́ abẹ́ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ẹ tún na òwú yẹn, torí ilẹ̀ máa ń wọ̀, ẹsẹ̀ kan sì lè ti rì díẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i.